Ta Ni Ó Sọ̀rọ̀, Ta Ni Ó Sì Gbọ́? Ìdarí àti Rédíò Níbi Tí Ilé Bá Ti Ń Jó

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1999, ọlọ́pàá kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ rí èéfín tí ó ń jáde láti orí ilé ńlá kan ní ìlú Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ni ìpè dé ọ̀dọ̀ àwọn panápaná. Ilé alájà mẹ́fà ni ilé náà. Ọdún 1906 ni wọ́n kọ́ ọ fún kíkó ẹran àti oúnjẹ mìíràn pamọ́ sínú òtútù, ṣùgbọ́n ó ti di ahoro láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ náà. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mẹ́fà nínú àwọn panápaná tí ó wọ inú rẹ̀ kò jáde mọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé omi púpọ̀ àti ìgboyà ni panápaná nílò láti ṣẹ́gun iná. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà yìí kò ṣaláìní ìgboyà, omi kò sì wọ́n ní Worcester. Ohun tí ó ṣòro láti rí ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ìdáhùn tí ó dájú sí ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó wà nínú ilé? Apá ibo ni wọ́n wà? Ta ni ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ? Láti lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí ni àwọn panápaná ṣe gbé ìlànà ìdarí kalẹ̀, tí wọ́n sì ṣe òfin lórí bí a ṣe ń fi rédíò sọ̀rọ̀. A fẹ́ ṣàlàyé ìlànà náà nínú àpilẹ̀kọ yìí, kí a sì fi ohun tí ó kàn wá níbẹ̀ hàn, àwa tí a kì í ṣe panápaná.

Ilé tí kò ní fèrèsé

Kí òtútù má baà jáde nínú ilé ìkẹ́rùsí náà, àwọn tí ó kọ́ ọ kò fi fèrèsé sí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ògiri bíríkì rẹ̀ nípọn gidigidi, wọ́n sì fi kọ́ọ̀kì, ọ̀dà àti fóòmù tẹ́ ẹ nínú. Nǹkan tí iná fẹ́ràn ni gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó, èéfín dúdú kún inú ilé, kò sì rí ibi gbà jáde. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni ó gòkè láti ìsàlẹ̀ títí dé òrùlé.

Ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí kò nílé lórí ti ń sùn sí inú ahoro yìí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àbẹ́là tí wọ́n tàn ṣubú, iná sì ràn. Wọ́n jáde lọ, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn panápaná dé, ìròyìn kàn wọ́n pé àwọn aláìnílé a máa gbé inú ilé náà. Òótọ́ ni ìròyìn yìí, ṣùgbọ́n òótọ́ àná ni. Òótọ́ ti ọjọ́ náà ni pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé mọ́, àwọn méjì tí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ láti sọ ọ́.

Nítorí náà, àwọn panápaná wọlé láti wá ènìyàn. Paul Brotherton àti Jeremiah Lucey, tí wọ́n jẹ́ ara ikọ̀ adóòlà, gòkè lọ. Láìpẹ́, èéfín tí ó fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀ yí padà, ó ki bí òru, àwọn méjèèjì kò sì mọ ọ̀nà àtẹ̀gùn mọ́. Wọ́n ké sórí rédíò pé àwọn ti sọnù, pé afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú àgbá ẹ̀yìn àwọn ń tán lọ, àti pé àwọn wà ní àjà kejì sí òrùlé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ kò lè fi ojú ka àjà ilé tí kò ní fèrèsé, ohùn tí ó ń wá láti inú rẹ̀ kò sì mọ́ ní gbogbo ìgbà. Thomas Spencer, Timothy Jackson, James Lyons àti Joseph McGuirk wọlé ní méjì méjì láti wá wọn. Àwọn mẹ́rin yìí náà sọnù sínú òkùnkùn kan náà.

Ibi tí ìlànà náà ti bẹ̀rẹ̀

Iná igbó ni ó kọ́kọ́ kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà pé ìdarí ṣe pàtàkì tó omi. Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 1970, iná jó ní ìpínlẹ̀ California fún ọjọ́ mẹ́tàlá. Ènìyàn 16 kú, nǹkan bí 700 ilé àti àwọn nǹkan mìíràn tí a kọ́ sì jóná. Iléeṣẹ́ panápaná láti ìlú àti ìjọba oríṣiríṣi péjọ, gbogbo wọn sì ṣiṣẹ́ kára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jókòó lẹ́yìn náà láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé rédíò iléeṣẹ́ kan kò bá ti èkejì sọ̀rọ̀, orúkọ tí apá kan ń pe ohun èlò yàtọ̀ sí ti apá kejì, àṣẹ sì ń ti ẹnu ọ̀gá púpọ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti inú àròjinlẹ̀ yìí ni wọ́n ti dá ètò kan tí a ń pè ní FIRESCOPE sílẹ̀ ní California láàárín ọdún 1970 sí 1980. Ètò náà ni ó gbé ìlànà ìdarí ibi ìjàǹbá kalẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí ICS. Ní ìlú Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ọ̀gá panápaná kan tí ń jẹ́ Alan Brunacini ṣe irú iṣẹ́ yìí fún iná ilé àti ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé iná inú ilé kì í fún ni ní ọjọ́ mẹ́tàlá láti ronú. Ìwé rẹ̀, Fire Command, tí ó jáde ní ọdún 1985, di ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn panápaná. Ní ọdún 2004, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sọ ìlànà ìdarí yìí di ti gbogbo orílẹ̀-èdè náà.

Ẹni tí ó bá ti rí agbo dùndún kò ní pẹ́ mọ ìtumọ̀ ìlànà yìí. Ìlù pọ̀ nínú agbo náà, olúkúlùkù onílù sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ìlù kan ṣoṣo ni ó ń darí. Bí ìyá ìlù bá di méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lu tirẹ̀, ijó dàrú. Níbi iná, ẹ̀mí ni ó ń bá irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ẹni tí kò wọlé

Ọ̀gá tí ó bá kọ́kọ́ dé ibi iná ni ó di adarí, àní bí ipò rẹ̀ kò tilẹ̀ ga. Kí ó tó ṣe ohunkóhun, ó ní láti sọ̀rọ̀ lórí rédíò fún àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Yóò sọ irú ilé tí ó jẹ́ àti iye àjà rẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ rí, yálà èéfín ni tàbí iná, ohun tí ikọ̀ rẹ̀ fẹ́ ṣe, àti pé òun ni adarí, ibi báyìí ni òun sì dúró sí. Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń pe “Adarí” lórí rédíò mọ ẹni tí yóò dáhùn. Bí ọ̀gá tí ó jù ú lọ bá dé, kì í kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Yóò tọ̀ ọ́ lọ, wọn yóò sọ̀rọ̀ ní ojúkojú, ẹni àkọ́kọ́ yóò ro bí nǹkan ṣe rí fún un, a ó sì kéde lórí rédíò pé iṣẹ́ adarí ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Adarí kì í di rọ́bà omi mú, kì í sì í wọ inú ilé. Ó lè dà bí ẹni pé ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni gbogbo àwọn tí ó wà nínú ilé fi ń ríran. Ẹni tí ó wà ní yàrá kan ní àjà kẹta kò lè rí i pé èéfín tí ó ń jáde lẹ́yìn ilé ti yí padà sí dúdú, tàbí pé òrùlé ti ń tẹ̀. Ẹni tí ó dúró sí ìta ni ó lè rí i. Òun náà ni ó ń wo aago, nítorí àgbá afẹ́fẹ́ tí a ń pè ní ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kì í tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ẹni tí ó ń gun àtẹ̀gùn, tí ó ń wọ́ rọ́bà omi, tí ọkàn rẹ̀ sì ń lù kìkì.

Ẹnì kan kò lè máa bá ogójì ènìyàn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ìlànà yìí sọ pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ ní ju ènìyàn mẹ́ta sí méje lọ tí ó ń jíṣẹ́ fún un ní tààràtà, márùn-ún ni ó sì dára jù. Bí iná bá tóbi, adarí yóò fi ọ̀gá kan sí àjà kan, yóò sì fi òmíràn sí ẹ̀yìn ilé. Gbogbo wọn tún ń fi orúkọ kan náà pe ẹ̀gbẹ́ ilé. Ní Amẹ́ríkà, iwájú ilé ni A, a óò wá yí ilé ká láti ọwọ́ òsì sí B, C àti D. Bí ẹnì kan bá sọ pé iná ń jáde ní C, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè bóyá ẹ̀yìn tirẹ̀ ni ó ń sọ tàbí ẹ̀yìn ilé.

Ìwé tí orúkọ wà nínú rẹ̀ tún wà lọ́wọ́ adarí tàbí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀: ta ni ó wọlé, pẹ̀lú ta ni, ní aago mélòó, sí apá ibo. Láti àkókò dé àkókò, a ó dá iṣẹ́ dúró díẹ̀ lórí rédíò, a ó sì pe gbogbo ikọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olórí ikọ̀ yóò dáhùn pé àwọn pé, yóò sì sọ iye wọn. Panápaná kì í dá wọ inú iná. Láti ọdún 1998 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ pé àwọn tí yóò wọ inú ilé tí ó ń jó kò gbọdọ̀ dín ní méjì, kí méjì mìíràn sì wà níta ní ìmúrasílẹ̀ láti gbà wọ́n, bí kò ṣe pé ẹ̀mí ẹnì kan wà nínú ewu tí a kò lè dúró fún.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn lórí rédíò

Rédíò alágbèéká tí panápaná ń lò dà bí wọkitọ́kì tí a máa ń rí lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́. Bí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀, tí ó sì ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá tún sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì kan náà yóò kan bo ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ohùn méjì a di ariwo kan. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n, tí ẹni tí kò ní ohun pàtàkì láti sọ sì gbọ́dọ̀ dákẹ́. Kọnkéré, irin àti abẹ́ ilẹ̀ tún máa ń dí rédíò lọ́nà. Ìbòjú tí panápaná fi ń mí máa ń pa ohùn rẹ̀ dà, ariwo ẹ̀rọ omi àti ti iná náà sì wà níbẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ́ wọn láti tẹ bọ́tìnì, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ń kánjú ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ máa ń gé.

Òfin tí ó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ tún un sọ. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí:

“Adarí, Ikọ̀ Kejì ni ó ń pè yín.”

“Ikọ̀ Kejì, Adarí ń gbọ́. Ẹ máa sọ.”

“A wà ní àjà kẹta, ọwọ́ òsì àtẹ̀gùn. Èéfín pọ̀, a kò rí iná. A ń wá àwọn yàrá.”

“Mo gbọ́ pé ẹ wà ní àjà kẹta, ọwọ́ òsì àtẹ̀gùn, èéfín pọ̀, ẹ kò rí iná, ẹ ń wá àwọn yàrá.”

Ó lè dà bí àsọtúnsọ lójú ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí adarí bá ṣi “àjà kẹta” gbọ́ sí “àjà kẹrin”, ìgbà tí ó bá tún un sọ ni àṣìṣe náà yóò hàn, tí a ó sì lè tún un ṣe kí ó tó di ọ̀ràn. Bí kò bá sì sí ìdáhùn, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gbà pé a kò gbọ́ òun rárá. Ọ̀rọ̀ tí a sọ tí a kò dáhùn, bí ẹni pé a kò sọ ọ́ ni.

Nígbà kan, àwọn nọ́ńbà àṣírí ni ọ̀pọ̀ panápaná fi ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Nọ́ńbà kan lè túmọ̀ sí ohun kan ní ìlú yìí, kí ó túmọ̀ sí ohun mìíràn ní ìlú kejì. Láti ọdún 2006 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti béèrè pé kí a máa lo èdè gbangba níbi tí iléeṣẹ́ púpọ̀ bá ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a yà sọ́tọ̀, tí a kì í fi ṣeré: Mayday. Láti inú èdè Faransé ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “ẹ gbà mí”. Panápaná tí ó bá sọnù, tí nǹkan wó lù, tàbí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń tán, yóò pè é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, yóò sì sọ orúkọ rẹ̀, ibi tí ó wà, ohun tí ó ṣe é, iye afẹ́fẹ́ tí ó kù fún un àti ohun tí ó nílò. Gbogbo ènìyàn yòókù yóò dákẹ́. Adarí yóò dá a lóhùn, yóò sì rán ikọ̀ adóòlà tí ó ti dúró ní ìmúrasílẹ̀ sí i. Àwọn olùkọ́ panápaná máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹni tí ó bá wà nínú ìṣòro tètè pè é. Ìtìjú kò gbọdọ̀ mú un dákẹ́ títí afẹ́fẹ́ yóò fi tán.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò délé

Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òfin tí a kà sókè yìí kò sí èyí tí a kò fi ẹ̀mí ènìyàn kọ́.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1988, iná jó ilé kan tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tí wọ́n sì ń tún un ṣe ní ìlú Hackensack, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Àṣẹ lọ sórí rédíò pé kí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dáhùn pé òun gbọ́, kò sì pẹ́ tí òrùlé fi wó. Méjì nínú wọn sá sínú yàrá kékeré kan, wọ́n sì ń ké lórí rédíò. Igbe wọn kò yé àwọn tí ó wà níta bí ó ti yẹ. Panápaná márùn-ún ni ó kú.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ní New York, ilé gogoro ti gúúsù wó ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 59. Àwọn ọ̀gá pàṣẹ kí gbogbo panápaná jáde nínú ti àríwá. Apá kan gbọ́, wọ́n sì jáde. Apá kan kò gbọ́, nítorí pé rédíò kò wọ ibi tí wọ́n wà, tàbí pé ìkànnì mìíràn ni wọ́n wà, tàbí pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù lórí rẹ̀. Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 28, ilé kejì wó. Panápaná ìlú náà tí ó kú ní ọjọ́ yẹn jẹ́ 343.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà ọdún 2007, ní ìlú Charleston, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, iná jó ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí wọ́n ti ń ta àga àti tábìlì. Panápaná mẹ́sàn-án kú. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé kò sí ìdarí kan tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, pé ọ̀rọ̀ pọ̀ jù lórí rédíò, àti pé àwọn tí ó há sínú ilé ké fún ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n igbe wọn kò tètè dé etí àwọn tí ó yẹ kí ó gbọ́. Ìgboyà pọ̀ ní Charleston gẹ́gẹ́ bí ó ti pọ̀ ní Worcester.

Ìpinnu tí ó nira jù

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Worcester. Ọ̀gá agbègbè kan tí ń jẹ́ Michael McNamee ni ó ń darí iṣẹ́ nínú ilé náà, ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó ti rán àwọn ènìyàn gòkè láti wá àwọn tí ó sọnù. Wọ́n fi okùn di ara wọn, wọ́n fi ọwọ́ tá ògiri, wọ́n sì padà láìrí ẹnikẹ́ni, afẹ́fẹ́ wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní gbogbo ìgbà tí a bá tún ka iye wọn, àwọn tí kò dáhùn ń pọ̀ sí i. Ó ń sún mọ́ aago mẹ́jọ alẹ́, iná ń le sí i, àwọn mìíràn sì ti wọ àgbá afẹ́fẹ́ wọn, wọ́n ti dúró ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọ̀rẹ́ àti ẹlẹgbẹ́ wọn ni ó wà lókè, wọ́n sì fẹ́ gòkè.

McNamee dúró sí ẹnu ọ̀nà àtẹ̀gùn náà, ó sì sọ fún wọn pé kò sí ẹni tí yóò gòkè mọ́. Wọ́n bínú, wọ́n sì bá a jiyàn. Kò kúrò níbẹ̀. Ó ti pàdánù mẹ́fà, kò sì fẹ́ kí ó di méje tàbí mẹ́wàá. Wọ́n pàṣẹ kí gbogbo ènìyàn jáde, fèrè àwọn ọkọ̀ panápaná sì dún láti fi àṣẹ náà hàn, kí ẹni tí kò gbọ́ rédíò lè gbọ́ fèrè. Láti ìgbà náà lọ, wọ́n ń bá iná náà jà láti ìta ni.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi wá òkú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nínú àwókù náà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún panápaná péjọ sí Worcester fún ìsìn ìrántí wọn, ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, Bill Clinton, sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sára ilé ahoro tí ó léwu, wọ́n sì ra kámẹ́rà tí ó ń rí ooru nínú èéfín fún panápaná wọn.

Kò sí ẹni tí ó lè mọ iye ẹ̀mí tí McNamee gbà là ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn, nítorí pé àwọn tí kò kú kì í ní ibojì tí a lè kà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ hàn kedere. Olórí tí kò mọ iye àwọn tí ó wà nínú ilé kò lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sọ pé ó tó. Nítorí pé ó ti ń ka àwọn ènìyàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó fi lè sọ ọ́. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ní láti ṣègbọràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ wà lókè.

Ohun tí ó kàn wá

Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè béèrè pé kí ni èyí kan ìjọ. Ilé ìjọsìn jẹ́ ilé tí ènìyàn púpọ̀ ń wọ̀, tí àbẹ́là, wáyà iná mànàmáná àti jẹnẹrétọ̀ sì máa ń wà níbẹ̀. Ìròyìn tí kò pé ni ó mú àwọn panápaná wọ inú ilé Worcester, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé ẹni tí ó ni ilé tàbí tí ó ń lò ó nìkan ni ó lè fún wọn ní ìròyìn tí ó pé.

Ẹ tètè pe panápaná. Ní Nàìjíríà, nọ́ńbà 112 ni a ń pè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 999 ni. Ní Amẹ́ríkà, 911 ni. Bí gbogbo ènìyàn bá ti jáde, ẹ péjọ sí ojú kan tí ẹ ti fẹnu kò sí tẹ́lẹ̀, kí ẹnì kan sì ka àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, àwọn akọrin àti àwọn arúgbó. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo, ì báà ṣe alàgbà, akọ̀wé ìjọ tàbí ẹ̀ṣọ́, tí yóò tọ adarí panápaná lọ. Kí ẹni náà sọ iye àwọn tí a kò tíì rí àti ibi tí a ti rí wọn kẹ́yìn, ibi tí kọ́kọ́rọ́, sílíńdà gáàsì àti epo jẹnẹrétọ̀ wà, àti ibi tí a ti lè pa iná mànàmáná. Bí ẹni tí a rò pé ó wà nínú ilé bá yọ láti ibòmíràn, kí ó sáré padà lọ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn lè dá ènìyàn méjì dúró lórí àtẹ̀gùn.

Kí àwa yòókù fún wọn láyè. Bí ogún ènìyàn bá ń kígbe mọ́ adarí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tí ó gbọ́, ariwo náà lè bo igbe ẹni tí ó há sínú ilé mọ́lẹ̀ lórí rédíò. Bí adarí bá sì sọ pé àwọn ènìyàn òun kò ní wọlé mọ́, ẹ má ṣe pè é ní ojo. Ó lè jẹ́ pé òun ni ó rí ohun tí ẹ kò rí, ó sì mọ iye àwọn tí ó yẹ kí ó padà sí ilé wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọdún 2008, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ panápaná tuntun kan ní òpópónà Franklin ní Worcester, lórí ilẹ̀ tí ilé ìkẹ́rùsí náà wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Ibi tí àwọn mẹ́fà ti ké lórí rédíò tí a kò sì rí wọn ni àwọn panápaná mìíràn ti ń dáhùn ìpè àwọn ará ìlú báyìí.